Ìyá Dúdú àti Ilé Orin Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Ìfọṣọ

Bí ẹ bá bi obìnrin yìí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní alágbàfọ̀ ni òun, á sì panu mọ́. Bí ẹ bá wá tọ́ ọ níjà díẹ̀, pé ṣé kì í ṣe ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé orin onígìtá líle jáde ni, á mirí: "Ti ọkọ mi nìyẹn. Èmi ò bá wọn lọ́wọ́ sí ariwo." Irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ burúkú, ṣùgbọ́n irọ́ ni, torí láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ti wà, kò sí àwo orin kan tó jáde níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn.

Ìyá Dúdú ni àwọn olórin ń pè é. Ẹnu máa ń ya ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yìí kó tó rí i, torí obìnrin náà pupa fòò. Aṣọ ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó ń kọ irú orin yìí, aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, aṣọ dúdú sì rèé, ọṣẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ ní ìfọkúfọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di aláwọ̀ eérú. Obìnrin yìí mọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ tí kì í fi í ṣá: á yí inú rẹ̀ síta, á lo omi tútù àti iyọ̀ díẹ̀, á sì sá a síbi tí oòrùn ò ti ní fojú kàn án. Tí ẹ bá rí olórin àgbàlagbà kan tí aṣọ dúdú rẹ̀ ṣì ń dán, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún ilé ìfọṣọ náà. Ilé gígùn tóóró ni. Iwájú ni kàǹtà wà, níbi tí wọ́n ti ń gba aṣọ, tí wọ́n sì ń fi nọ́ńbà sí i lọ́rùn. Ẹ̀yìn kàǹtà ni àwọn tábìlì ìlọṣọ, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, níbi tí òórùn ọṣẹ àti ooru ti máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé ló wá kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn aṣọ tí olúwa wọn kò padà wá gbà sí.

Òfin ìyá rẹ̀ ni pé alágbàfọ̀ kì í ta aṣọ oníbàárà, kì í sì í wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá wá, à ń retí rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń retí o. Kóòtù ẹni tó kó lọ sílùú mìíràn, kọ́tìnì àwọn tó jà tí wọ́n pín ilé, kúbùsù tó nípọn bí ọwọ́, aṣọ ìyàwó tí ìgbéyàwó ò wáyé mọ́, gbogbo wọn kún yàrá náà dé àjà. Ìyá Dúdú ń pè wọ́n ní àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ó máa ń gbọn eruku kúrò lára wọn lóòrèkóòrè, á sì máa kùn pé ìgbà wo ni òun máa rí àyè mí nínú ilé yìí.

Ọkọ rẹ̀, Oníná, iṣẹ́ iná mànàmáná ló gbé e wọ ilé náà. Ẹ̀rọ tó tóbi jù níbẹ̀ ń ṣe gbìrìgìdì-gbìrìgìdì bí ìgbà tí ẹṣin ń jà nínú àpótí, wọ́n sì pè é kó wá tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá wò ó. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun kàn ń kọjá ni. Ẹ̀rọ ti sàn tipẹ́, ọkùnrin náà ni kò sàn. Nígbà tí ìyá ọmọbìnrin náà rí i pé ó ti ń jókòó tí ẹ̀rọ náà kódà nígbà tí wọn ò tan iná sí i, ó ní kó kúkú wí tẹnu rẹ̀.

Ohun tí kò wí kó tó gbé e níyàwó ni pé orin onígìtá líle ti wọ òun lẹ́jẹ̀. Òun ló ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ọ́ tún sípíkà wọn ṣe. Àwọn mẹ́ta kan wà láàárín wọn tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Ẹsẹ̀ Erin: onígìtá kan tí kì í sọ̀rọ̀, onílù kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àti olóhùn kan tó jẹ́ pé bó bá lanu kọrin, ẹni tí kò mọ̀ á sáré gbé omi wá fún un. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba orin wọn sílẹ̀. Ọ̀gá ibì kan tilẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n lọ tún gìtá náà ṣe kí wọ́n tó padà wá.

Oníná wá kó wọn wọ yàrá ẹ̀yìn, sáàárín àwọn ọmọ aláìlóbìí, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n máa kọ. Ohùn tó jáde ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn aṣọ yẹn ń gbé ìró mì ni. Ìlù kò dún kó tún máa ké kiri, ńṣe ló ń balẹ̀ gbì, bí àpò símẹ́ńtì, ó tán. Bí ilé-iṣẹ́ Gbìrìgìdì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní máa bèèrè ibi tí wọ́n ti mú orúkọ náà.

Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kó tó di pé wọ́n ń ṣe àwo ńlá fún àwọn ẹgbẹ́ tó dé lẹ́yìn. Oníná mọ orin yàn, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan dì. Ìyàwó rẹ̀ wo bó ṣe ń fi bébà ìròyìn wé e, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo kóòtù wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi nọ́ńbà aṣọ kọ́ ọ lọ́rùn, torí bí òun ṣe mọ ẹrù dì nìyẹn. Àwọn tó ń rà á lókèèrè rò pé ọgbọ́n ìpolówó kan ni. Wọ́n ń tọ́jú nọ́ńbà náà bí ẹni ń tọ́jú wúrà, wọ́n ń jà lórí ẹ̀. Ìyá Dúdú gbọ́, ó ní, "Ayé mà ráyè o! Nọ́ńbà aṣọ lásán?"

Ó máa ń fi tíì àti búrẹ́dì gba àwọn olórin lálejò, á fọ aṣọ wọn, á bá wọn wí bí bàtà wọn bá dọ̀tí. Ohun kan ni kì í ṣe: kì í wọ yàrá ẹ̀yìn bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. Yóò dúró sídìí tábìlì ìlọṣọ ní òdì kejì ògiri, níbi tó jẹ́ pé gbì-gbì-gbì nìkan ló ń kọjá wá, yóò sì wí fún áyọ̀ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ pé, "Ìyanu ni pé ilé yìí ò tíì wó." Bàbá Aláago, tó ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó kàn wọ́n, ló máa ń dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lùlù, àwọn aago òun ń gbàgbé ohun tí wọ́n ń kà.

Ọdún gorí ọdún. Àwọn Ẹsẹ̀ Erin fọ́nká sẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, àwọn mìíràn dé, Gbìrìgìdì sì dàgbà dé ìwọ̀nba tirẹ̀, ìyẹn ni pé ó dàgbà tó kí wọ́n mọ̀ ọ́n nílẹ̀ òkèèrè, kò dàgbà tó kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní òpópónà kejì.

Ìgbà náà ni onílù Ẹsẹ̀ Erin ránṣẹ́. Ó ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ lókè òkun, kò sì dájú pé yóò padà. Kí òun tó lọ, ṣé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wá ṣe àwo ńlá tí àwọn ò ṣe nígbà èwe? Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni orin wọn wà lórí rẹ̀, tépù inú wọn sì ti ń nà, ó kù díẹ̀ kó parẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀.

Oníná di ọmọdé lójú ẹsẹ̀. Ó ń fi ṣíbí lùlù lórí tábìlì, ó ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Tí mi ò bá gbé orin wọn jáde kó tó parẹ́, kí ni mo wá ń ṣe láti ọjọ́ yìí?" Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Dúdú lára. Kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí. Ó pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, òun náà yóò ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò rán òun.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni odò kún, tó wọlé àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú. Inú gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n kó wọn sí, pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn wọn. Gbogbo àdúgbò ti kó kúbùsù àti aṣọ tí wọ́n lè yọ̀ǹda lọ fún wọn. Ìyá Dúdú ro òfin ìyá rẹ̀ síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Níkẹyìn ó wí sókè, bí ẹni pé ìyá náà wà lẹ́nu kàǹtà, pé, "Màámi, a ti retí wọn tó. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́." Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ yá makirofóònù tó dára lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, obìnrin náà kó àwọn ọmọ aláìlóbìí jáde, ó fọ gbogbo wọn, ó lọ̀ wọ́n, ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó fi wọ́n ránṣẹ́. Ó fọ yàrá náà tilẹ̀tògiri. Ó kun ún ní ọ̀dà funfun. Ó to àga mẹ́ta síbẹ̀ fún àwọn àlejò, ó tún wẹ̀yìn wò ó, inú rẹ̀ dùn dé ọrùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Oníná dé pẹ̀lú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irun wọn ti funfun, aṣọ wọn ṣì dúdú. Ìyá Dúdú ṣáájú wọn lọ sẹ́yìn, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà gbayawu.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wo ibi tí mo tọ́jú fún yín!"

 Oníná wo ògiri kan, ó wo èkejì.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn aṣọ."

"Mo ti kó wọn fún àwọn tí omi lé nílé. Ṣé ẹ rí i bí yàrá yìí ṣe fẹ̀? Ẹ wo bí ẹ ṣe ń há mọ́ra láti ọjọ́ yìí wá!"

Oníná pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìró náà sá yí yàrá ká, ó ń dún gban-an-an-an, kó tó rí ibi kú sí. Onílù kò rẹ́rìn-ín. Oníná fẹ̀yìn ti ògiri funfun, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

Olóhùn ló ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun ló ni ín. "Ìyá wa, àwọn aṣọ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń jẹ́ kí orin Gbìrìgìdì dún bó ṣe ń dún. Láìsí wọn, ilé ìwẹ̀ la wà yìí."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o! Láti ìgbà tí wọ́n ti ń bá a bọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ rò pé ó mọ̀, torí ta ni kò mọ̀? Òun ní tirẹ̀, ó rò pé ńṣe ni wọ́n ń fara da ẹrù òun nítorí ìtìjú. Tọkọtaya ń sùn lórí ibùsùn kan, ògiri wà láàárín wọn.

 "Mo bà á jẹ́," ni Ìyá Dúdú wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́."

"O ò ba nǹkan kan jẹ́," ni Oníná dá a lóhùn láti ilẹ̀. "Ohun tó o ṣe dára. Èmi náà ì bá kó wọn fún wọn." Tinútinú ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló wá dun obìnrin náà jù. Ká ní ó pariwo mọ́ ọn ni, òun náà ì bá rí nǹkan sọ padà.

Wọ́n wọ́ bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya náà wá, wọ́n gbé e ti ògiri. Kò yí ohùn náà padà. Aṣọ oníbàárà tó wà nílẹ̀ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, torí ta ló ń ronú ìfọṣọ nínú ọ̀sẹ̀ omíyalé? Onílù ní kí àwọn kúkú dán an wò bẹ́ẹ̀, ó lu ìlù lẹ́ẹ̀mélòó kan, gbogbo wọn sì fọwọ́ di etí. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Bàbá Aláago kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó já wọlé pẹ̀lú awò tó fi ń wo inú aago níwájú orí.

"Ẹ máa ń rọra ṣe é tẹ́lẹ̀! Kí ló dé lónìí? Ṣé orí tábìlì mi lẹ gbé ìlù náà sí ni?"

Aṣerunlóge òdì kejì títì tẹ̀ lé e, oníbàárà rẹ̀ kan tẹ̀ lé òun náà pẹ̀lú ìdajì irun lórí, àwọn mẹ́fà méje mìíràn rọ́ tẹ̀ lé wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí inú yàrá yẹn rí. Wọ́n wọlé tán, wọ́n ń wò yíká, wọ́n ń bínú, wọ́n ń bèèrè pé ṣé gbogbo ariwo tó ń jáde látọjọ́ yìí, inú ihò yìí ló ti ń wá? Ìyá Dúdú ń bẹ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tó gbọ́. Oníná dìde, ó pàtẹ́wọ́ kí wọ́n lè dákẹ́.

Ó dún pó.

Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Ó tún pàtẹ́wọ́. Pó. Ìró náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi sá lọ mọ́.

"Ẹ má jáde o," ló wí. "Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má jáde! Ara yín ń gbé e mì. Ẹ jẹ́ ká wá èèyàn sí i."

Ká rí ni ká wí: obìnrin tó ní òun kò lọ́wọ́ sí ariwo ló sáré bọ́ sí títì. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ wá bá mi ṣe aṣọ," ló ń wí fún wọn. "Ẹ kàn máa dúró ni. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ò ní húkọ́. Tí ẹ bá ní kóòtù tó nípọn, ẹ wọ̀ ọ́." Ẹ̀rín ló mú àwọn mìíràn wá, ọ̀fíntótó ló mú àwọn kan. Bí ó ti wù kó rí, ẹsẹ̀ pé.

Bàbá Aláago nìkan ló kọ̀. Ó ti ń padà lọ sídìí tábìlì rẹ̀ nígbà tí Ìyá Dúdú dènà dè é.

"Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí ọkọ mi fẹ́ ṣe láyé yìí ni wọ́n fẹ́ ṣe lónìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Kò sí ọ̀la fún un."

 Bàbá náà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ èyí tó wà lápò, ó kó wọn sórí tábìlì. "Tí mo bá kó wọn wọlé, ẹ ó máa gbọ́ wọn nínú orin yín," ló wí, ó sì ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

Wọ́n kún yàrá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èjìká kan èjìká. Ìyá Dúdú dúró síta, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ náà, wọlé," ni Oníná wí. "Ibi tí àlàfo wà nìyẹn."

Ó wọlé, ó sì di àlàfo náà. Onílù ka mẹ́rin, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù ni pé ó dùn. Láti ẹ̀yìn ògiri, ìdí orin nìkan ló ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé orí wà lórí rẹ̀. Gìtá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ń ké lókè, ó ń sunkún, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ìlù sì ń gbé e lẹ́sẹ̀ bí àgbà tó ń kọ́ ọmọ rìn. Ó rí Bàbá Aláago tó di ojú, tí orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó fún un láṣẹ. Orin kan parí, òmíràn bọ́ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro àwọn èèyàn, òógùn ń ṣàn lábẹ́ kóòtù wọn, kò sẹ́ni tó mira.

Orin tó kẹ́yìn ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nínú yàrá náà nígbà èwe. Olóhùn di máìkì mú, ó bú jáde, ohùn rẹ̀ há bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ pákó lórí òkúta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nítòsí, tí ògiri ò sí láàárín, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan:

Ó dúró sínú ooru, kò bínú,
ó ń na ohun tí ayé ti rún.
Òjò pa mí dé iwájú rẹ̀, kò bi mí lórúkọ,
ó gba aṣọ kan tí mo ní lọ́wọ́ mi.
Mo jáde sí títì,
mo tún jọ ọmọ èèyàn.

Obìnrin náà wo olóhùn, olóhùn ò wò ó. Ó rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọlé nínú òjò nígbà kan, tó jókòó sẹ́yìn kàǹtà pẹ̀lú táwẹ̀ẹ̀lì títí òun fi fọ aṣọ rẹ̀ tán, tí òun sì lọ̀ ọ́. Ó ti gbàgbé. Ta ló ń rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, torí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má mira.

Ìlù balẹ̀ gbẹ̀yìn. Gìtá ń ké lọ, ó ń tín-ín-rín, gbogbo yàrá mú èémí dání kó lè kú jẹ́jẹ́. Ó kù díẹ̀ kó tán pátápátá nígbà tí ẹnu Ìyá Dúdú là fúnra rẹ̀.

"Àbí èmi nìyẹn?"

Ọkọ rẹ̀ fèsì kó tó rántí pé ẹ̀rọ ṣì ń gbohùn.

"Ìwọ ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Nígbà tí àwo náà fẹ́ jáde, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní kí Oníná gé ìparí yẹn kúrò, pé ó ba orin jẹ́. Ó ní kò sí ohun tí òun máa gé. Bí ẹ bá gbé e sórí ẹ̀rọ lónìí, tí ẹ ní sùúrù títí gìtá náà fi kú, ẹ ó gbọ́ obìnrin kan tó bèèrè ọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ọkùnrin tó dá a lóhùn, ẹ ó sì gbọ́ obìnrin náà tó tún wí pé, "Ẹ ò wá sọ fún mi láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yin aláìlójútì wọ̀nyí!" kí gbogbo ilé tó bú sẹ́rìn-ín.